Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìbàdàn Lórí Kòtò Tí Kì Í Kún

Ẹ̀yin Ọlọ́lá Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ mọ́kànlá tí ń bẹ ní ilẹ̀ Ìbàdàn, láti márààrún tí ó wà ní àárín ìgboro títí dé Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà,

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe èyí tí ẹni iyì ń fẹ́ máa sọ láwùjọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà ni wọ́n sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Omi tí à ń fà nínú kànga wa, àti omi tí ń ṣàn nínú Ògùnpa, nínú Kúdẹtì àti nínú odò Ọ̀nà, ti ń bá ohun tí a rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa dà pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a sì ń mu ún, a ń fi í se ọbẹ̀, a ń fi í wẹ ọmọ tuntun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde láti bi ara rẹ̀ léèrè bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe dé ibi tí ó dé yìí.

Ìbàdàn Mesiọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ìlú tí ìkànìyàn ọdún 2006 kà ní ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, tí àwọn tí a ti bí sí i àti àwọn tí wọ́n ti ṣí wá sí i láti ìgbà náà kò sì kéré, kò ní páìpù gbogbogbòò kan tí ń gba ìgbọ̀nsẹ̀ láti ilé dé ilé lọ sí ibi tí a ó ti sọ ọ́ di ohun tí kò lè pani lára mọ́. Olúkúlùkù onílé ni ó ń gbẹ́ tirẹ̀, tí ó ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó sì ń gbàgbé tirẹ̀. Nígbà tí ìlú yìí ṣì jẹ́ ibùdó ogun, ní nǹkan bí ọdún 1829, ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ, ààtàn àti igbó sì tó fún gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ni ṣálángá dé, tí àwọn agbépòò sì ń fi òru ṣiṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ fi ojú rí i ní ọ̀sán. Lẹ́yìn èyíinì ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi dé, tí a kàn ń tẹ nǹkan kan tí gbogbo rẹ̀ sì ń pòórá lójú ẹni. Ìpòórá yìí ni ó tàn wá jẹ. Ohun tí ó kúrò lójú wa kò kúrò lórí ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ti yẹ kí táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ máa ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ onílé tí wọ́n fi owó gọbọi kọ́lé kò mọ ohun tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀yìn ilé ara wọn. Táńkì tí ó dára a máa ní yàrá méjì, a máa ní ìsàlẹ̀ kankéré, a sì gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀ dáadáa kí ohunkóhun má baà jò níbẹ̀. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi bá wọ inú rẹ̀, èyí tí ó wúwo á rì sí ìsàlẹ̀, ọ̀rá àti ìfófòó á léfòó, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí kò nílò afẹ́fẹ́ láti wà láàyè á sì máa jẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Omi tí ó wà ní agbedeméjì nìkan ni yóò gba ẹnu páìpù bọ́ sí sókàwéè, tí yóò sì máa rọra wọnú ilẹ̀ lọ, tí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ yóò máa sẹ́ ẹ bí ìgbà tí obìnrin ń sẹ́ ògì, títí ìdọ̀tí rẹ̀ yóò fi kù sí ojú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí kò lè tán pátápátá, ṣe ni ó ń ga sí i lọ́dọọdún, ìdí sì nìyí tí àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà fi ń sọ pé láàárín ọdún 3 sí 5 ni kí a máa pe ọkọ̀ wá fà á.

Kí ni à ń ṣe níhìn-ín? Bíríkìlà á gbẹ́ ilẹ̀, á to búlọ́ọ̀kù yí i ká láì rẹ́ ẹ, kò sì ní da kankéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rárá, nítorí pé onílé ti kìlọ̀ fún un pé òun kò fẹ́ kòtò tí yóò máa tètè kún. Bí ó bá sì gbẹ́ ẹ títí tí ó fi kan omi, inú àwọn méjèèjì á dùn, wọn á ní iṣẹ́ náà yọrí. Lẹ́yìn náà, onílé á máa fi yangàn ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé pé láti ogún ọdún tí òun ti kó wọ ilé òun, kòtò òun kò kún rí, òun kò sì fi kọ́bọ̀ pe ọkọ̀ afàgbọ̀nsẹ̀ rí. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ìyangàn yìí gan-an ni ó ń já mi láyà. Ilé tí ènìyàn mẹ́wàá ń gbé, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu ní ojoojúmọ́ ayé wọn, níbo ni ohun tí ó ti ara wọn jáde fún ogún ọdún gbà lọ? Kò lọ sí ojú sánmà. Inú ilẹ̀ ni ó gbà, ó bá omi inú ilẹ̀ pàdé, omi inú ilẹ̀ yìí kan náà ni ó sì ń sun sí kànga, tí ó ń jáde ní ìsàlẹ̀ òkè, tí ó ń di odò. Kòtò tí ó ń kún ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ, nítorí ohun tí a fi pa mọ́ sí i ṣì wà níbẹ̀. Kòtò tí kì í kún ti di ojú odò.

Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé 30 mítà, èyíinì ni nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, ni ó yẹ kí ó wà láàárín kànga àti ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń rì sí, kí ìsàlẹ̀ kòtò sì fi mítà kan ààbọ̀, ó kéré tán, ga ju ojú omi inú ilẹ̀ lọ. Ìlànà yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú téèpù kí a jọ wọ̀n ọ́n. Púpọ̀ nínú pílọ́ọ̀tì tí à ń rà ní Ìbàdàn kò ju 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 100 ní gígùn lọ. Onílé tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé ìlànà, tí ó gbẹ́ kànga sí igun kan ní iwájú, tí ó sì gbẹ́ sókàwéè sí igun kejì ní ẹ̀yìn, lè rí 100 ẹsẹ̀ bàtà náà he pẹ̀lú ìnira. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ ti gbẹ́ sókàwéè tirẹ̀ sí iwájú ilé, nítorí kí ọkọ̀ lè ráyè dé ibẹ̀, ó sì di pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré ni ó wà láàárín kànga ẹni ìṣáájú àti kòtò ẹni kejì, pẹ̀lú ògiri búlọ́ọ̀kù kan tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kò sí èyí tí ó ru òfin nínú ọgbà ara rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀kan ń mu ìgbọ̀nsẹ̀ èkejì. Ìdí rèé tí mo fi kọ ìwé yìí sí yín, tí n kò kọ ọ́ sí àwọn onílé nìkan: ọ̀rọ̀ tí ó ju ògiri ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ ni, ọwọ́ ẹni tí ó lè rí gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà nìkan ni ó lè ká a.

Ẹ tún wo irú ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn jókòó lé, láti Màpó títí dé Arẹ̀mọ àti àwọn òkè yòókù tí a fi ń yan fanda. Iyẹ̀pẹ̀ tí ó bo àpáta náà mọ́lẹ̀ kò nípọn púpọ̀, inú iyẹ̀pẹ̀ yìí ni omi kànga wa sì wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á sá lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, okùn kànga á gùn. Bí òjò oṣù Kẹfà bá ti ń tẹ̀ lé ara wọn, omi á máa gun òkè bọ̀, títí yóò fi bo ìsàlẹ̀ kòtò tí ó wà ní gbígbẹ ní oṣù Kejì, kò sì ní sí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kankan mọ́ tí yóò sẹ́ ohunkóhun. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kì í sábà mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ará àfonífojì, tí wọ́n jẹ́ tálákà jù lọ nínú wa, ni omi ẹlẹ́gbin náà ń sun dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1854, ọdún kan péré lẹ́yìn tí David Hinderer ajíhìnrere mú Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí àdúgbò Kúdẹtì níhìn-ín, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní ìlú London, ó sì pa ju 600 ènìyàn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè ibi tí olóògbé kọ̀ọ̀kan ti ń pọn omi, ìdáhùn àwọn ará ilé sì ń tọ́ka sí kànga kan ṣoṣo tí ó ní ẹ̀rọ ìfàmi ní òpópónà Broad Street. Kànga yìí kò rùn, omi rẹ̀ kò sì dú. Kódà obìnrin opó kan tí ó ti ṣí kúrò ní àdúgbò náà lọ sí ọ̀nà jíjìn ṣì ń ránṣẹ́ wá bu omi rẹ̀ nítorí ó fẹ́ràn adùn rẹ̀, ó sì bá àìsàn náà lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà lè fa omi níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò ní ẹ̀yìn ọ̀ràn ni wọ́n tó rí i: kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ilé tí ó kángun sí kànga náà, ilé tí ọmọ ọwọ́ kan ti ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ìyá rẹ̀ sì ń da omi ìlédìí rẹ̀ sínú kòtò, kò jìnnà sí kànga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, bíríkì tí a fi kọ́ ọ ti jẹrà, ohun inú rẹ̀ sì ń jò lọ sí inú omi. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé wa. Àwọn ará London kò mọ ìdí ọ̀ràn nígbà náà, Ọlọ́run á foríjì wọ́n. Àwa tí a ti mọ̀ ọ́n láti ohun tí ó lé ní 160 ọdún, kí ni àwa yóò wí?

Onígbáméjì kò sì fi ilẹ̀ tiwa sílẹ̀. Ní ọdún 1991 nìkan, ó pa ju 7,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2024, ó tún jà ní Èkó àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, ìgbà òjò ni ó sì le jù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bí onígbáméjì kò tilẹ̀ jà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń jà, ìgbẹ́ gbuuru ń jà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ mú lọ. Àwọn ìyá wa máa ń fi álọ́ọ̀mù sí omi kànga kí ó lè tòrò, mo sì gbóríyìn fún wọn nítorí pé ìtọ́jú ọmọ ni ó sún wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ojú rí ni álọ́ọ̀mù ń kó wálẹ̀. Kòkòrò àrùn ṣì wà níbẹ̀. Ìlànà omi mímu tí orílẹ̀-èdè wa gbé jáde ní ọdún 2007 sọ pé nínú mílílítà 100 omi, kò gbọdọ̀ sí ẹyọ E. coli kan, èyíinì ni kòkòrò tí ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹranko, tí a bá sì ti rí i nínú omi, a mọ̀ dájú pé ìgbọ̀nsẹ̀ ti dé ibẹ̀. Mo bẹ yín, kí olúkúlùkù yín yan kànga mẹ́wàá ní agbègbè rẹ̀, kí ẹ kó omi wọn lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì yín kí gbogbo ayé kà á.

Ohun kan wà tí ó tún burú ju jíjò lọ, nítorí pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú dùdù, àwọn onílé kan wà tí wọ́n ti ri páìpù kan láti kòtò wọn jáde sí gọ́tà, tí wọ́n ń yọ ìdí rẹ̀ nígbà tí àgbàrá bá ti ń ya, kí omi òjò lè bá wọn kó ẹrù wọn lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ní àdúgbò. Ọmọ ilé ìwé á bọ́ bàtà kọjá nínú àgbàrá náà, ìyá aláta tí ó pàtẹ sí ẹ̀bá gọ́tà á bu omi wọ́n ẹ̀fọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dà sí Ògùnpa. Ògùnpa yìí ni ó bínú sí wa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí omíyalé gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn àti dúkìá lọ, tí ìgbẹ́ inú kòtò gbogbo ẹ̀bá odò sì bá a rìn wọ yàrá àwọn tí ó yè. A tún rí irú rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Lẹ́yìn èyí ni ìpínlẹ̀ wa yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ní ọdún 2014 láti fi tún ojú àgbàrá àti afárá ṣe, iṣẹ́ tí ó tọ́ ni, mo sì ti rí afárá tí ó dára níbi tí èyí àtijọ́ ti wó. Ṣùgbọ́n bí a bá mú odò fẹ̀ tí a kò sì dí ohun tí ń wọ inú rẹ̀, ọ̀nà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún ìdọ̀tí kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn awakọ̀ tí ń fa ìgbọ̀nsẹ̀ náà ní ẹjọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n n kò lè dá gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí. Ènìyàn tí ó gbé táńkà tí ó kún dẹ́múdẹ́mú kúrò ní ilé oníbàárà, tí kò sí ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ nítòsí rẹ̀ tí ó lè dà á sí, tàbí tí ibẹ̀ jìnnà débi pé epo tí yóò fi dé ibẹ̀ yóò jẹ gbogbo èrè rẹ̀, yóò wá afárá kan tí ó dá ní òru, yóò sì ṣí ẹnu rẹ̀ sí odò. Ẹni tí ó ṣu ni ó ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ń bá wa kó o báyìí, wọn kò sì gbàgbé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé àwọn kò mu omi kànga, pé omi ẹ̀rọ ni tàwọn. Níbo ni omi ẹ̀rọ náà ti wá? Adágún Ẹlẹ́yẹlé tí a ṣe ní ọdún 1942, orí odò Ọ̀nà ni a ṣe é sí, ilé sì ti yí i ká báyìí. Ti Àṣẹ́jìrẹ́, tí ó dé ní ọdún 1972, orí Ọ̀ṣun ni ó wà, Ọ̀ṣun yèyé ọlọ́mọ, tí ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ìlú púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀. Bí ó bá dé inú adágún, ewéko orí omi á máa fi í sanra, ojú oró á gbilẹ̀, ewé yòókù á gbilẹ̀, wọn á bo ojú omi débi pé oòrùn kò ní lè wọ ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá sì kú tí wọ́n ń jẹrà, wọn á gba atẹ́gùn tí ẹja fi ń mí nínú omi. Nígbà tí a bá ń ṣàdúrà pé ojú oró ni yóò lékè omi, kì í ṣe irú ìlékè yìí ni à ń tọrọ. Àwọn òṣìṣẹ́ omi á wá máa fi kẹ́míkà tí ó pọ̀ sí i, tí owó rẹ̀ sì wọ́n sí i, fọ omi tí ì bá mọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, iṣẹ́ yìí, tiyín ni. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, nínú Àfikún rẹ̀ Kẹrin, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé pípèsè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro àti ìtọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú kíkó ìgbọ̀nsẹ̀ àti pàǹtírí kúrò, wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, bí a bá ti fi ọ̀rọ̀ yìí lọ àwọn tí ó jókòó sí àga yín, ìdáhùn wọn ni pé owó kò dé ọwọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọdọ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, láìgba ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìdájọ́ náà ti fún yín ní ẹnu tí ẹ fi lè béèrè ohun tí ó tọ́ sí yín. Ó sì fún àwa náà ní ẹnu.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, tí mo sì gbà pé bí kò bá sí i gbogbo ìyókù asán ni, ni ibi tí a ó máa da ìgbọ̀nsẹ̀ tí a fà sí. Kò di dandan kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú yín pawọ́ pọ̀, kí ẹ wá ilẹ̀ tí ó jìnnà sí odò àti sí ilé, kí ẹ fi yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìsáǹkan tí a rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹrẹ̀ lè gbẹ nínú oòrùn, kí omi tí ó ń sẹ́ jáde sì gba inú ọ̀gọ̀dọ̀ kan dé èkejì kí ó tó kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó nílò ẹ̀rọ òyìnbó kan tí yóò bàjẹ́ lọ́dún kejì. Oòrùn Ìbàdàn tó iṣẹ́ náà ṣe. Bí ibẹ̀ bá ti wà, tí owó dídà á síbẹ̀ kò sì ga, kí ẹ fún gbogbo ọkọ̀ afàgbọ̀nsẹ̀ ní nọ́ńbà àti ìwé ìrìnnà, kí onílé má sì san owó iṣẹ́ tán títí awakọ̀ yóò fi mú ìwé ibi ìdàgbọ̀nsẹ̀ wá fi hàn án. Èyí tí wọ́n bá mú ní ẹ̀bá odò lóru lẹ́yìn ìgbà náà kò ní àwáwí mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn wolé-wolé padà sí ìgboro. Àwọn àgbà láàárín yín kò ní tíì gbàgbé ìgbà tí wọ́n ń wọ agbolé láàárọ̀, tí wọ́n ń ṣí ìkòkò omi wò, tí ẹni tí wọ́n bá rí tanwíjí nínú omi rẹ̀ yóò sì fojú ba kọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn wọn, àwọn kan nínú wọn sì gba rìbá, n kò sẹ́. Síbẹ̀ ìkòkò omi ìgbà náà mọ́ ju kànga ìsinsìnyí lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká tí ẹ ní báyìí ti kàwé ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì ni púpọ̀ nínú wọn wà. Kí ẹ rán wọn jáde ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí láti kọ orúkọ ojúlé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ibi tí kànga rẹ̀ wà, ibi tí kòtò rẹ̀ wà, ọdún tí wọ́n fà á kẹ́yìn, àti bóyá ó ní ìsàlẹ̀ kankéré. Níbi tí wọ́n bá ti gbọ́ pé kòtò kò kún rí, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ dúró. Kí ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí ẹ ń fọwọ́ sí fún ilé tuntun má sì wo ọgbà ẹnì kan ṣoṣo mọ́: kí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i lọ síbẹ̀, kí ó wo kànga ọ̀tún àti ti òsì, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ìsàlẹ̀ táńkì kí wọ́n tó dé e.

N kò gbàgbé àwọn agbolé àtijọ́, ní Òjé, ní Bẹẹrẹ, ní Fóko, ní Ìdíkàn, níbi tí ilé ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ààyè láti gbẹ́ ohunkóhun, tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá ń bú wọn pé wọ́n ń lo ẹ̀bá odò kò tíì sùn ní ọ̀kan nínú yàrá wọn rí. Ìtanràn kò wúlò níbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí agbolé mẹ́ta mẹ́rin jọ ní, tí táńkì rẹ̀ kò ní ihò, tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fà ní àkókò, tí mọ́gàjí agbolé sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ni ó yẹ wọ́n. Kí ẹ sì fún wọn ní kànga ẹ̀rọ kan ní apá òkè àdúgbò, kí wọ́n má baà máa pọn omi ní ìsàlẹ̀ ibi tí gbogbo ènìyàn ń tú ẹrù sí.

Ẹ̀yin onílé ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ bá ka ìwé yìí, kì í ṣe pé mo yọ yín sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbà kò wọ akèǹgbè: ìjọba kò lè wọ abẹ́ ilẹ̀ wa bí a kò bá ṣí ìdérí sílẹ̀. Bí kòtò rẹ kò bá kún láti ọdún mẹ́wàá, pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wá wò ó, kí o sì múra láti rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí kànga rẹ bá sún mọ́ kòtò, tìrẹ tàbí ti aládùúgbò, má ṣe mu omi rẹ̀ láìsè, kí o sì sọ fún ayálégbé rẹ, nítorí òun náà lọ́mọ. Bí páìpù kan bá ti ilé rẹ lọ sí gọ́tà, lọ fi sìmẹ́ńtì dí i lónìí. Epo ọkọ̀, ọṣẹ apakòkòrò àti ike tí a ń jù sínú kòtò a máa pa àwọn kòkòrò tí ń bá wa jẹ ẹrẹ̀, a sì máa dí páìpù. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé mọ̀.

Mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé ní ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni a lè gbẹ́ ilẹ̀ tí a sì lè rẹ́ ìsàlẹ̀ kòtò; bí oṣù Kẹta bá ti wọlé, òjò àkọ́rọ̀ á dé, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀. Kí ẹ tó ṣe ìpàdé ìnáwó yín tí ó ń bọ̀, ẹ dárúkọ ilẹ̀ tí ẹ ó lò fún ibi ìdàgbọ̀nsẹ̀ náà fún wa, kí ẹ sì sọ oṣù tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò wọ ibẹ̀. Ní àdúgbò tiwa, a ti sọ ọ́ ní ìpàdé, a sì ti fẹnu kò: ọjọ́ yòówù kí àwọn wolé-wolé yín dé, wọn yóò bá ìdérí kòtò wa ní ṣíṣí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Onílé kan ní ẹ̀bá Ògùnpa, Ìbàdàn